Iye Wa ní Aba Akínwárè

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú gun ọ̀kadà mi láti Akánrán,
báàgì aláwọ lọ́rùn, bírò mẹ́ta lápò àyà.
Ó ní ìjọba rán òun wá ka ènìyàn.
Mo ní, ẹ di ẹ̀wù mi mú, ọ̀gá,
àwa ò pọ̀, kòtò ló pọ̀.

Máìlì mẹ́fà ni ìwé wọn pe ọ̀nà náà.
Ẹni tó kọ ọ́ kò rìn ín lójò.
Lẹ́ẹ̀rùn, ìlàjì wákàtí;
bí Òkúdù bá dé, ẹ bi amọ̀ léèrè.
Afárá wa, igi ọ̀pẹ mẹ́rin,
ọ̀kan ti jẹrà láti ọdún tí Tíṣà Adégòkè lọ
tí ẹnikẹ́ni ò rọ́pò rẹ̀.
A sọ̀kalẹ̀, mo fọwọ́ ti alùpùpù kọjá,
ọ̀gá tẹ̀ lé mi, bàtà lọ́wọ́,
ó ń ka igi lábẹ́ èémí:
ení, èjì, ẹ̀ta.
Kò pe ẹ̀kẹrin ní nǹkan kan.

Ó tẹ́ ìwé sórí odó tí a dojú ẹ̀ dé.
Ìyá Sábítíyù ní, "Mélòó lò ń wá?"
Ó ní, "Gbogbo yín, Ìyá."
Ìyá rẹ́rìn-ín, kòkó ń yọ̀ lọ lábẹ́ ìka rẹ̀.
"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Ka ewúrẹ́. Ka ilé tí páànù ẹ̀ ti ṣí.
Ka ilẹ̀kùn tí wọ́n fi àgádágodo tì,
kí o wá bi mí níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà.
Ọ̀kan wà ní Ọlọ́runṣògo, ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù.
Ọ̀kan wà ní Bódìjà, ó ń tọ́mọ ọlọ́mọ.
Ọ̀kan ní òun ń bọ̀ ní Iléyá;
àgbò Iléyá mẹ́rin ti di egungun."

Ó kọ mẹ́tàléláàádọ́fà.
Mo wò ó lórí ìwé funfun,
bí èèrà kan nínú àwo ìyẹ̀fun.

Èmi náà ń kà, n ò kàn sọ fún un ni.
Ọ̀nà yìí ni ìwé mi, bẹntiróòlù ni tàdáà rẹ̀.
Obìnrin méjì àti apẹ̀rẹ̀ tòmátò.
Ọmọ iléèwé mẹ́ta lórí ìjókòó kan.
Òkú Bàbá Láńwá, tí a so mọ́ mi lẹ́yìn
bí ẹni tó sùn lọ,
nítorí máíkírà ò lè wọlé.
Mẹ́rin lọ, méjì bọ̀.

Òjò ò jẹ́ kí ọ̀gá lọ kílẹ̀ tó ṣú.
Nígbà tó dá, Múníràtù ti ń di ògiri mú.
Mẹ́ta la gun alùpùpù kan:
èmi níwájú, Múníràtù láàárín,
ọ̀gá lẹ́yìn, ó fi báàgì ìjọba ṣe ìrọ̀rí fún un.
Adéọ̀yọ́ là ń lọ.
Adéọ̀yọ́ kọ́, Akánrán gan-an a ò dé e.
Ẹsẹ̀ afárá lọmọ ti ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú di tọ́ọ̀ṣì mú, ó kọjú sódò,
ó ń gbọ̀n, ó ń pe Ọlọ́run ní ohùn ọmọdé.
Ẹ̀wù mi la fi gba ọmọbìnrin náà.
Ó ké. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́ díẹ̀
kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ibo ni kí n kọ ọ́ sí?" ọ̀gá ló ń bi mí.
"Ti abúlé ni, àbí ti Akánrán?
Fọ́ọ̀mù yìí ò láyè fún ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà."
Omi ti wọ ìwé náà,
iye wa ti ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀.

Mo ní, ẹ kọ ọ́ síbi tó bá wù yín,
ẹ kọ́kọ́ bá mi ti alùpùpù.
Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó rán yín,
ẹ sọ fún wọn pé igi mẹ́rin ni,
ọ̀kan ti jẹrà.